Opó Clicquot: Obìnrin Tí Ó Mú Kí Ṣáńpéènì Tòrò

Níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ àwọn ọlọ́rọ̀ ní àwọn ìlú ńláńlá, ìgò ọtí kan wà tí ojú tètè ń mọ̀ lórí tábìlì. Bébà tí a lẹ̀ mọ́ ọn lára pọ́n bí ọsàn, orúkọ tí a sì kọ sí i ni Veuve Clicquot. Ọ̀pọ̀ ni ó ń mu ọtí inú ìgò náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Opó ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Faransé. Obìnrin kan tí ikú mú ọkọ rẹ̀ lọ nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 28 ni ó fi ipò opó rẹ̀ ṣe orúkọ òwò. Orúkọ náà sì ti wà lẹ́nu àwọn ọlọ́tí fún ohun tí ó ju 200 ọdún lọ.

Ìdí tí a kò fi lè gbàgbé rẹ̀ ni pé òun ni ó yanjú ìṣòro kan tí ó ti ń dààmú àwọn tí ń ṣe ọtí ṣáńpéènì láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹmu ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣáńpéènì ní tirẹ̀. Opó Clicquot ni ó wá ọ̀nà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà fi ń jáde kúrò nínú ìgò láìjẹ́ pé ọtí pàdánù híhó rẹ̀.

IRÚ ỌTÍ TÍ ṢÁŃPÉÈNÌ JẸ́

Kì í ṣe gbogbo wáìnì tí ń hó ni ṣáńpéènì. Èyí tí a bá ṣe ní agbègbè Champagne ní ilẹ̀ Faransé, láti ara èso àjàrà tí a gbìn níbẹ̀, ni òfin ilẹ̀ náà fún ní orúkọ yìí. Oríṣi àjàrà mẹ́ta ni wọ́n ń lò jù: Pinot Noir àti Meunier, tí èèpo wọn dúdú, àti Chardonnay, tí èèpo tirẹ̀ funfun. Bí èèpo àwọn méjì àkọ́kọ́ tilẹ̀ dúdú, omi inú wọn kò ní àwọ̀ náà. Bí a bá tètè fún wọn jẹ́jẹ́, ọtí funfun ni yóò ti ara wọn jáde.

Nígbà tí omi èso bá ti kan tí ó sì ti di ọtí nínú àgbá, wọn a rọ ọ́ sínú ìgò pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà, wọn a sì dé e pa. Ìwúkàrà a máa jẹ ṣúgà náà, a sì máa tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kò rí ọ̀nà jáde, nítorí náà inú ọtí ni í sá sí, òun ni ó sì ń hó nígbà tí a bá ṣí ìgò. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ibì kan tí yóò lọ. Inú ìgò ni í kú sí, òun ni ó sì ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ń mú kí ọtí rú.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÉYÀWÓ RẸ̀

Ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 1777 ni a bí Barbe-Nicole Ponsardin ní ìlú Reims, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ìlú àtayébáyé ni Reims. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé adé lé àwọn ọba ilẹ̀ Faransé lórí, lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ sì ni àwọn kòtò ẹfun jíjìn wà, èyí tí àwọn ará Róòmù ti ń gbẹ́ ní ayé àtijọ́, tí àwọn ọlọ́tí sì sọ di àjà ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ìgò sí. Nicolas Ponsardin, baba ọmọbìnrin yìí, jẹ́ gbajúmọ̀ nínú òwò aṣọ tí a fi irun àgùntàn hun, nígbà tí ó sì yá, ó di méyọ̀ ìlú náà.

Ọmọ ọdún 11 ni Barbe-Nicole nígbà tí Ìdìtẹ̀ Ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní 1789. Ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ ni ó pàdánù dúkìá, ọ̀pọ̀ ni ó sì pàdánù ẹ̀mí, títí kan ọba fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ mọ bí a ti ń bá ìgbà yí. Ó darapọ̀ mọ́ àwọn tí ó dìde sí ọba, ìdílé rẹ̀ sì la ewu náà já.

Ní 1798, Barbe-Nicole fẹ́ François Clicquot, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Philippe Clicquot bí. Oníṣòwò aṣọ ni Philippe pẹ̀lú, ṣùgbọ́n láti ọdún 1772 ni ó ti ń ta wáìnì pọ̀ mọ́ òwò aṣọ rẹ̀. Ìṣòwò ọtí yìí ni ọkàn François fà sí jù, tọkọtaya náà sì jọ ń kọ́ nípa rẹ̀. Ní 1799, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Clémentine, òun nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí.

IKÚ ỌKỌ RẸ̀

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1805, ibà kọlu François, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Ìbànújẹ́ bo Philippe Clicquot mọ́lẹ̀. Arúgbó ni, àrólé rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ, ó sì pinnu láti kógbá òwò ọtí náà wọlé. Ohun tí gbogbo ènìyàn retí ni pé opó ọmọ rẹ̀ yóò wọ aṣọ ọ̀fọ̀, yóò tọ́jú ọmọbìnrin rẹ̀, bí ó bá sì yá, yóò fẹ́ ọkọ mìíràn.

Opó náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó tọ baba ọkọ rẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun máa bá òwò náà lọ. Kí ìwọ̀n ohun tí ó bèèrè lè yé ènìyàn, ó yẹ kí a mọ òfin tí Napoleon fi lélẹ̀ ní 1804. Òfin náà fi ìyàwó ilé sábẹ́ àṣẹ ọkọ rẹ̀ pátápátá. Bí ọkọ kò bá fọwọ́ sí i, ìyàwó kò lè dá òwò ṣe, kò sì lè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Fún àwọn tí ìyá wọn fi owó ọjà tọ́ dàgbà, òfin yìí yóò ṣe àjèjì létí. Ṣùgbọ́n opó kò sí nínú ìdè náà. Ikú tí ó gba ọkọ lọ́wọ́ Barbe-Nicole náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn tí ọkọ kì bá tí í ṣí fún un láìjẹ́ pé ó fẹ́. Bí ó bá sì fẹ́ ọkọ mìíràn, ilẹ̀kùn náà yóò tún padà tì. Kò fẹ́ ọkọ mọ́ títí ó fi kú.

Philippe gbà, ó sì fi owó rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí opó náà gbọ́dọ̀ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ bá ọ̀gbẹ́ni Alexandre Fourneaux, tí ó mọ iṣẹ́ ọtí dáadáa, ṣe àjọṣòwò fún ọdún mẹ́rin, kí ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1806 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rin náà kò rọgbọ rárá. Ogun Napoleon gba gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù kan, àwọn ọkọ̀ ogun dí ojú òkun, ìgò púpọ̀ sì há sí Amsterdam láìrí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò rà á. Nígbà tí àdéhùn parí ní 1810, Fourneaux bá tirẹ̀ lọ. Opó náà kò dúró. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó dá ilé iṣẹ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì pè é ní Veuve Clicquot-Ponsardin.

ÌGÒ 10,550

Ní 1811, ìràwọ̀ onírù ńlá kan yọ lójú ọ̀run, ó sì hàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èso àjàrà ọdún náà dára púpọ̀, àwọn àgbẹ̀ sì sọ pé ìràwọ̀ náà ni ó mú un wá. Ọtí tí opó náà fi èso ọdún yìí ṣe dára ju gbogbo èyí tí ó ti ṣe ṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á? Ilẹ̀ Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn ṣáńpéènì jù, ti fi òfin de wáìnì ilẹ̀ Faransé tí a rọ sínú ìgò. Gbèsè ń ga sí i, ìgò sì kún àjà ilẹ̀.

Ní 1814, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ Reims. Ọ̀tá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ń mu ọtí ni wọ́n pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì gbé adùn ṣáńpéènì lọ sílé lẹ́nu. Opó náà rí i pé ogun ti ń lọ sópin, àti pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ọjà ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Òun àti Louis Bohne, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ń bá a tajà káàkiri Yúróòpù, gbìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n háyà ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Hóláńdì kan tí ń jẹ́ Zes Gebroeders, wọ́n sì kó ìgò 10,550 sínú rẹ̀. Wọn kò dúró de ìgbà tí a ó mú òfin náà kúrò. Bí wọ́n bá gba ọtí náà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà, tàbí bí ìgò bá bẹ́ nínú ooru, iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ti parí nìyẹn.

Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Königsberg, ìlú tí ó ń jẹ́ Kaliningrad lónìí. Àwọn oníbàárà ń lé ara wọn nítorí ọtí náà. Nígbà tí òfin Rọ́ṣíà sì kúrò, ọtí opó náà ti wà nítòsí, ó sì dé Saint Petersburg kí ti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó mira ní ilé. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti kalẹ̀ ní àárín àwọn ìjòyè ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Reims ni òun fúnra rẹ̀ jókòó sí, lẹ́tà ni ó sì fi ń darí ọjà náà.

TÁBÌLÌ ONÍHÒ

Nígbà tí ọjà yá, ìṣòro mìíràn dé: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ọlọ́tí ń gbà yọ ọ́ nígbà náà ni pé kí wọ́n dá ọtí láti inú ìgò kan sí òmíràn. Ọtí púpọ̀ a ṣòfò, híhó rẹ̀ a sì dínkù. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọtí rírú ni àlejò yóò bá nínú ife. Opó náà kò lè fi ọtí rírú ránṣẹ́ sí ààfin, kò sì lè dúró de ọ̀nà tí ó lọ́ra tó báyìí.

Ní 1816, òun àti olórí àwọn òṣìṣẹ́ àjà ilẹ̀ rẹ̀, Antoine Müller, rí ojútùú rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n gbé wá, kí wọ́n sì lu ihò sí i lójú. Wọ́n ki ọrùn ìgò bọ inú àwọn ihò náà, ìdí ìgò sì wà lókè. Lójoojúmọ́, òṣìṣẹ́ a mi ìgò kọ̀ọ̀kan díẹ̀, a sì yí i díẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ a máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi kó jọ sídìí èdídí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yá a ṣí ìgò náà lójijì, agbára afẹ́fẹ́ a sì ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jáde pẹ̀lú ọtí díẹ̀. Wọn a fi ọtí àti ṣúgà dí ohun tí ó dà nù, wọn a sì dé ìgò padà. Ọtí tí ó kù a tòrò bí omi ojú òkúta, híhó rẹ̀ a sì wà síbẹ̀.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni í rí ìfun inú rẹ̀. Àwọn akẹgbẹ́ opó náà kò tètè mọ àṣírí yìí, àkókò díẹ̀ sì wà tí ọtí tirẹ̀ tòrò ju tiwọn lọ. Nígbà tí ó yá, gbogbo agbègbè Champagne ni ó gba ọ̀nà náà. Lóde òní, ẹ̀rọ ni ó ń yí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìgò wọn, ó sì ń parí rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tábìlì oníhò náà ni ẹ̀rọ ń lò. Ní 1818, opó náà tún da ọtí pupa láti Bouzy pọ̀ mọ́ ọtí funfun rẹ̀, ó sì fi ṣe ṣáńpéènì tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

ỌJỌ́ OGBÓ RẸ̀

Ọ̀nà rẹ̀ kò tẹ́jú títí lọ. Ní 1828, ilé ìfowópamọ́ kan ní Paris tí owó rẹ̀ wà dojú dé, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Edouard Werlé, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ láti 1821, ni ó fi owó ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Opó náà kò gbàgbé oore yìí. Ó sọ Werlé di alájọṣòwò rẹ̀ ní 1831. Clémentine ti fẹ́ ìjòyè kan tí ń jẹ́ Louis de Chevigné ní 1817, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mọ owó ná ju bí ó ti mọ̀ ọ́n pa lọ. Opó náà kò fi ìfẹ́ ọmọ ba òwò jẹ́. Ó kọ́ ilé ńlá kan fún ìdílé rẹ̀ ní Boursault ní àwọn ọdún 1840, ṣùgbọ́n Werlé ni ó jogún òwò.

Ní Boursault náà ni ó ti kú ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1866, ní ọmọ ọdún 88. Ó ti ṣe opó fún nǹkan bí ọdún 61. Kò rí bébà aláwọ̀ ọsàn tí a fi ń dá ìgò rẹ̀ mọ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bí àmì ilé iṣẹ́ náà, nítorí pé ọdún 1877 ni wọ́n fi í sórúkọ lábẹ́ òfin.

BÍ A TI Ń TỌ́ Ọ WÒ TÍ A SÌ Ń GBÉ E FÚN ÀLEJÒ

Ní 2010, àwọn òmùwẹ̀ rí ìgò ṣáńpéènì 168 nínú ọkọ̀ kan tí ó rì lẹ́bàá erékùṣù Åland, láàárín Sweden àti Finland. Ó ti tó nǹkan bí 170 ọdún tí wọ́n ti wà lábẹ́ òkun. Ìràwọ̀ onírù tí ó wà lára èdídí àwọn kan nínú wọn fi hàn pé ti Opó Clicquot ni wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ọtí náà wò, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, ṣúgà tí wọ́n bá nínú lítà kan tó nǹkan bí gíráàmù 150. Ọtí ayé opó náà dùn bí oyin. Opó mìíràn ní Reims, Louise Pommery, ni ó gbé ọtí tí kò dùn lárugẹ ní 1874 nítorí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, ayé sì tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, kí a ka ara ìgò kí a tó rà á. Èyí tí a kọ Brut sí kò ní tó gíráàmù 12 ṣúgà nínú lítà kan. Demi-Sec ní gíráàmù 32 sí 50, Doux sì ju 50 lọ. Brut bá ohun oníyọ̀ àti ohun tí a fi òróró dín mu, nítorí pé kíkan rẹ̀ a máa fọ ọ̀rá kúrò lórí ahọ́n. Ẹja díndín, adìyẹ díndín àti edé yẹ ẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e pẹ̀lú kéèkì ìgbéyàwó, dídùn kéèkì yóò mú kí ọtí náà kan lẹ́nu bí ọtí kíkan. Demi-Sec ni ó yẹ kéèkì. Òun náà ni ó sàn pẹ̀lú oúnjẹ aláta, nítorí pé ṣúgà rẹ̀ a máa pẹ̀rọ̀ sí ata.

Ìgò ṣáńpéènì kò fẹ́ wàdùwàdù. Agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà ti ìta. Bí ọtí bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí bí a bá mi ìgò, èdídí yóò fò bí ọta ìbọn, ó sì lè fọ́ ènìyàn lójú. Kí a fi ìgò sínú korobá tí omi àti yìnyín wà nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, títí yóò fi tutù dé ìwọ̀n 8 sí 10 ti Celsius. Bí a bá tú wáyà ẹnu rẹ̀, kí ọwọ́ kan di èdídí mú ṣinṣin, kí a dá ìgò dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ọwọ́ kejì sì máa yí ìdí ìgò. Ìgò ni a ń yí, kì í ṣe èdídí. Ìró rẹ̀ kò yẹ kí ó ju ti ẹni tí ó mí kanlẹ̀ lọ. Ọtí tí a mì títí tí ó fi tú sí àlejò láṣọ ti ṣòfò, èyí tí ó sì kù nínú ìgò ti pàdánù híhó rẹ̀.

Ife tí inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ sì há ni ó dára. Kí a bu díẹ̀ sí i, kí a jẹ́ kí ìhó rẹ̀ wálẹ̀, kí a tó bu ìyókù, kí ó má sì kún ife. Kí ojú kọ́kọ́ wò ó bí ó ti tòrò tó àti bí ìhó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ti ń gòkè láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí imú gbọ́ òórùn rẹ̀, nítorí pé a máa rán ènìyàn létí èso ápù tàbí búrẹ́dì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò. Òórùn búrẹ́dì yìí, iṣẹ́ ìwúkàrà ni. Lẹ́yìn èyí ni kí ahọ́n tó tọ́ ọ wò, ní díẹ̀díẹ̀, nítorí pé nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ọtí líle.

Ọtí tí ó tòrò nínú ife ni ìrántí tí Barbe-Nicole Clicquot fi sílẹ̀. Ní 1972, ilé iṣẹ́ rẹ̀ dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ó ta yọ nínú ìṣòwò. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni ayé fi lé e lọ́wọ́ ní 1805. Ó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò jókòó tì í.